Ibo Lọ̀rọ̀ Ti Kú? Ìtàn Igi, Ṣọ́ọ̀kì àti Iṣẹ́ Ayé Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀nà méjì mẹ́ta níwájú, tí ẹ ń rò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ ó kọ́ tàbí iṣẹ́ ìwé, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. N kò ní í sọ fún yín pé iṣẹ́ báyìí dára ju iṣẹ́ báyìí lọ. Igi ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, ohun tí ó sì kọ́ mi nípa igi kò tó ìdajì ohun tí ó kọ́ mi nípa bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́. Ìtàn mi dá lé ìbéèrè kan tí ọ̀rẹ́ mi bi mí lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré tí ó ti ti ẹnu mi jáde kí ìbéèrè náà tó wáyé. Mo ti dàgbà tó láti sọ méjèèjì láìbo ojú.

Orúkọ mi ni Adéwọlé. Wọlé ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀nà kò tíì là láti tẹ̀ síwájú, ìyá mi sì mú mi lọ bá Ọ̀gá Fadé ní Dọ́pẹmu, níbi tí ó ti ń ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé àti òrùlé. Nígbà tí ó yá, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí kan tẹ̀lé òmíràn, mo sì padà sọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Láti ọjọ́ tí mo wọ ọgbà rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo sìn. Ti owó oṣù, ó bọ́ mi, ó rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Ìyẹn náà ti tó.

Oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, Ọ̀gá Fadé kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn. Iṣẹ́ mi ni títo pákó. Bí pákó bá ti ilé ìlagi dé, ó máa ń tutù bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. A ó tò ó sábẹ́ ìbòji, a ó fi igi pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ sáàárín ìpele kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn igi wẹ́wẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà lórí ara wọn gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ kúrò lójú ìlà, pákó tí ó wà lórí rẹ̀ yóò wọ́ bó ti ń gbẹ. A ó fi ọ̀dà kun orí pákó níhìn-ín àti lọ́hùn-ún kí ó má baà sán. Lẹ́yìn èyí, a ó dúró. Òjò a dé, òjò a lọ, ẹ̀ẹ̀rùn a wọlé, a ó ṣì máa dúró. Ìgbà tí ó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé dídúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Oríkèé ìka ni Ọ̀gá fi ń mọ igi tí ó gbẹ. Ọ̀gá a máa fi aṣọ di ojú wa, èmi àti Músílíù, ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ó fi oṣù méjì ṣáájú mi dé. Yóò gbé pákó mẹ́wàá sílẹ̀, yóò ní kí a kàn wọ́n bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, kí a sì sọ èyí tí ó gbẹ. Igi gbígbẹ a máa dún kó, kó, kó, bí ẹni tí ó ní kí o máa bọ̀ nílé. Igi tútù a máa dún bùù, bí ẹni tí ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Wọlé, kí lo gbọ́?”

“Ó gbẹ, sà.”

“Irọ́ ni. Músílíù?”

“Orí ẹ̀ méjèèjì ló gbẹ, sà. Ikùn ẹ̀ ṣì tutù.”

Ọ̀gá a yíjú sí mi. “Ìwọ tó o mọ ìwé, igi kì í ka ìwé. Tún un kàn.”

Músílíù a máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀. “Ìwé rẹpẹtẹ,” a wí fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “etí kò sí.” Òótọ́ ni. Ó tó ọdún kan kí etí mi tó là. Ti Músílíù ti là láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò rí ọjọ́ tí ó ṣì í.

Ọ̀gá le. Kì í nà wá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó pàṣán. Bí o bá ṣi pákó gé, kò ní í pariwo. Yóò gbé pákó tí o bà jẹ́ náà kọ́ sára ògiri, yóò kọ orúkọ rẹ sí i, yóò sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún oṣù kan kí oníbàárà àti àlejò lè máa kà á. “Igi tí o bá gé kúrú,” a wí, “ẹkún kò lè fà á gùn.” Orúkọ mi wà lára ògiri yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin rẹ̀ kejì sì ni pé ọmọ iṣẹ́ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Bí wọn kò bá bi ọ́, o kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá òfin kejì yìí lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn mi wà. Ní Dọ́pẹmu, òfin náà kò ṣe wá ní jàǹbá kankan. Ènìyàn méje ni wá. Orí pákó kan náà ni a ti ń jẹun, àwa àti Ọ̀gá. Bí ojú Músílíù bá kàn le lórí igi kan, Ọ̀gá ti rí i, ó sì ti béèrè pé, “Kí ló dé?” Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, ojú ń bá wa sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Àwọn ènìyàn ń kọ́lé láti Ìkọ̀tún dé Ayọ̀bọ̀, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí oko ń di àdúgbò, gbogbo ilé ni yóò sì bo orí. A kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, a tún kó láti ibẹ̀ lọ sí Ìgàndò, níbi tí àyè gbé tẹ́jú. Ayùn oníná rọ́pò ayùn ọwọ́. Ìfági tí mo fi odidi ọdún kọ́ bí a ṣe ń pọ́n ọn di ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta. A kọ́ yàrá olóoru kan tí ó ń gbẹ igi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, dípò oṣù mélòó kan. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ya òrùlé. N kò kórìíra ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tí ó bá ní kí a padà sí ayùn ọwọ́, kò fi apá ara rẹ̀ fa ayùn ọwọ́ rí.

Ohun tí ó yí padà tí a kò fura sí ni ibi tí Ọ̀gá ń jókòó. Ó ti wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwa tí a jẹ́ méje ti lé ní ọgọ́rin, a sì ti to ara wa sórí ara wa bí ìpele pákó: òṣìṣẹ́ lábẹ́ olórí ọ̀wọ́, olórí ọ̀wọ́ lábẹ́ fọ́máànù, fọ́máànù lábẹ́ máníjà, máníjà lábẹ́ Ọ̀gá. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo àtẹ̀gùn: ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà lókè rẹ gan-an ni kí o gbé ọ̀rọ̀ lọ. Èmi ni fọ́máànù. Wọ́n fún mi ní yàrá tí ó ní ilẹ̀kùn, inú mi sì dùn sí ilẹ̀kùn yẹn ju bó ti yẹ lọ. Músílíù di olórí ọ̀wọ́ tí ń gbé òrùlé sókè. A kò gbàgbé òfin Dọ́pẹmu, ṣùgbọ́n a ti gbàgbé pé nítorí ọgbà tí ojú ti ń rí ojú ni wọ́n ṣe é.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ayọ̀bọ̀ gbé iṣẹ́ gbọ̀ngàn wọn fún wa. Wọ́n fẹ́ kí òrùlé wà lórí rẹ̀ kí ọjọ́ ìkórè wọn tó pé, ọjọ́ náà sì ti ń sún mọ́lé. Yàrá olóoru wa kún, nítorí náà a ra igi tí àwọn tí ó tà á ní àwọn ti gbẹ. Ìwé ẹ̀rí bá a wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀, Músílíù wá sí ẹnu ilẹ̀kùn mi.

“Wọlé, igi Ayọ̀bọ̀ yẹn, ikùn ẹ̀ tutù o.”

“Ìwé tó bá a wá ní ó gbẹ.”

“Ṣé ìwé ló máa gbé òrùlé dúró ni? Wá kàn án fúnra ẹ jàre.”

Mo tẹ̀lé e. Mo kàn án. Bùù. Mo kan òmíràn, bùù. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò lè sọ láé pé n kò gbọ́.

“Ṣé kí n lọ bá Ọ̀gá lókè?” Músílíù bi mí.

“Rárá, má fo àtẹ̀gùn. Èmi á sọ fún Máníjà.”

“Lónìí o.”

“Lónìí náà ni.”

Mo lọ. Máníjà wa kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàwé, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi nítorí ọjọ́ orí mi. Àlejò méjì ló jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun. Àwọn tí ó ni gbọ̀ngàn náà gan-an ni.

“Ẹ̀gbọ́n Wọlé, ṣé kò sí o?” ni Máníjà wí.

“Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa igi ni, sà.”

“Ṣé ó lè dúró dọ̀la?”

Mo wo àwọn àlejò náà. Bí mo bá la ẹnu níbẹ̀ pé igi wa tutù, mo ti dójú ti Máníjà, mo ti dójú ti ilé iṣẹ́, mo sì ti dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò bi mí. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé mi, gbogbo ẹ̀kọ́ Dọ́pẹmu, ló di ẹnu mi mú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ló jókòó síwájú mi, nítorí tiwọn ni n kò sì ṣe sọ ọ́.

Mo ní, “Ó lè dúró, sà.”

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, Máníjà ti gba Ìkọ̀tún lọ. Wọ́n ti di igi náà sínú ọkọ̀ tán, Músílíù sì ti gun orí ẹrù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi.

“Ṣé o sọ fún un?”

“Mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀,” ni mo wí.

Ẹ wo ìdáhùn yẹn dáadáa. Kì í ṣe irọ́, kì í ṣe òótọ́. Músílíù rò pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ti pinnu. Ó wò mí díẹ̀, ó gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, awakọ̀ sì wa ọkọ̀ lọ.

Igi tútù kì í wó lọ́jọ́ tí a gbé e sókè. Ó ń dúró kí oòrùn wá bá a. Bó ṣe ń gbẹ, ó ń súnkì. Ahọ́n igi tí a kì bọ inú ihò, tí ó há pinpin tẹ́lẹ̀, ń di ohun tí ń mì. Ìṣó tí ó dì mọ́ ọn ń di ohun tí a lè fi ọwọ́ fà yọ. Oòrùn mú ní Ayọ̀bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sidé kan, Músílíù wà lókè, ó ń kan páànù mọ́ apá ìkẹyìn. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ ní igi kan dún kó, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti gbẹ nígbà náà. Ìdajì òrùlé sì tẹ̀lé ohùn yẹn wálẹ̀.

Kò sí olùjọ́sìn kankan nínú gbọ̀ngàn. A dúpẹ́ fún ìyẹn títí di òní. Músílíù nìkan ló bá igi wálẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì kán síbi méjì.

Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n jẹ́ kí n rí i. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo ní kí n kí i, kò jẹ́ kí n parí ìkíni.

“Wọlé,” ó ní, “igi yẹn sọ̀rọ̀. Èmi náà sọ̀rọ̀. Ibo lọ̀rọ̀ ti kú?”

Mo jáde, mo sì lọ tààrà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fo àtẹ̀gùn láyé mi. N kò tíì jẹ́wọ́. Ìbéèrè Músílíù nìkan ni mo gbé fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti bi mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí pákó láàárín ọgbà, ó ní kí gbogbo wa yí òun ká, àti ẹni tí ń ṣe òrùlé àti ẹni tí ń gbálẹ̀. Ó bi wá pé, “Ibo lọ̀rọ̀ ti kú?” Máníjà dìde, ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun pé igi tutù. Òótọ́ ló sọ. Mo dìde.

“Ọwọ́ mi ló kú sí, sà.”

Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ohùn tí mo gbọ́ lára igi, aṣọ funfun àwọn àlejò, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo sọ, ìdáhùn tí mo fún Músílíù lẹ́bàá ọkọ̀. Nígbà tí mo parí, mo dúró de kí wọ́n lé mi lọ. Ọ̀gá yíjú sí mi.

“Ẹ̀bi rẹ ni, Wọlé,” ó ní. “N kò ní í gbà á kúrò lọ́rùn rẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ láti pa ẹnu mọ́ níwájú àgbà. Nígbà tí a jẹ́ méje, etí mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu yín. Mo gbé etí mi lọ sókè, mo fi òfin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ta ló wá burú jù nínú èmi àti ìwọ?”

Ó wá ní kí a lọ mú irinṣẹ́, kí a yọ ilẹ̀kùn yàrá mi, kí a yọ ti Máníjà, kí a sì yọ tòun alára. Ilẹ̀kùn mẹ́ta yẹn ni a so pọ̀ mọ́ra, tí a fi ṣe tábìlì kan tí ó gùn, a sì gbé e sáàárín ọgbà. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni a ti ń pàdé ní gbogbo àárọ̀ kí ẹ̀rọ tó dún.

Mo padà sọ́dọ̀ Músílíù nílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo sì sọ fún un ní ojú rẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kú.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo ti rí i lójú ẹ lẹ́bàá ọkọ̀.”

“Músílíù, jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

“N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí o bá sọ nǹkan fún mi, màá máa kọ́kọ́ kàn án ná.” Ó yíjú sí ògiri.

Ohun tí mo pàdánù nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ mi, kì í ṣe orúkọ mi. Ọ̀rẹ́ tí a jọ fi aṣọ di ojú kò lè gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́ bí kò bá kọ́kọ́ dán an wò. Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, kí ìyẹn lè padà ni mo ṣe é.

Bí a ṣe tún ilé iṣẹ́ tò rèé, ẹ sì fara balẹ̀ bá mi wò ó, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. A pín ara wa sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni méje méje, bí a ṣe wà ní Dọ́pẹmu. Ọ̀wọ́ kan ni yóò mú iṣẹ́ kan láti orí yíyan igi títí dé orí fífà á lé oníbàárà lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn ni yóò yan olórí wọn, olórí náà yóò sì bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Iṣẹ́ máníjà yí padà: kì í dúró mọ́ kí ọ̀rọ̀ gòkè wá bá a, òun ni ó ń lọ káàkiri láti bi àwọn ọ̀wọ́ léèrè ohun tí wọ́n nílò. Lékè gbogbo rẹ̀, Ọ̀gá gbé àpótí ṣọ́ọ̀kì sórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ yòówù tí ìbáà máa ṣe, tí ó bá rí àléébù lára iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, yóò fa ìlà méjì dábùú ara wọn sí i. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ẹni tí ó fa ìlà yóò sọ ìdí rẹ̀ nídìí tábìlì, òun nìkan ló sì lè nu ún.

Àgbà káfíńtà kan fò sókè. “Ọ̀gá, ṣé ẹni tó ń gbálẹ̀ ló máa wá fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i?”

“Bó bá rí ohun tí o kò rí, kó fà á,” ni Ọ̀gá wí. “Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.”

“Kó má lọ fàlà sí èmi alára ṣá o!” Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí òrùlé ti wó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. A lè yọ ilẹ̀kùn láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí ó ti wọ egungun kì í tètè jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a dé, a rí ìlà funfun méjì gàdàgbà lára ilẹ̀kùn ìrókò kan. Ọ̀gá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn náà. Ìyá Bísí, ìyá tí ń fi bébà oníyanrìn ra ara igi kí ó lè dán, ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ sà.”

“Kí lo rí?”

“Ibi tí igi méjì ti pàdé nísàlẹ̀ yẹn, sà. Ojú kò lè rí i. Àmọ́ tí mo bá ń ra á, ìka mi máa ń kọ́ díẹ̀. Ó jọ pé kò wọlé tán.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé ibẹ̀. Ó di ojú, ó tún tẹ̀lé e. “Ìka mi ti le jù,” ó ní. “N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ tú u.” A tú ilẹ̀kùn. Ahọ́n igi náà kò dé ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀. Ìbá ti ṣí láàárín ọdún kan. Ọ̀gá tún un ṣe fúnra rẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó sì fi àkísà lé Ìyá Bísí lọ́wọ́ kí ó nu ìlà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú àpótí.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ falẹ̀. Ọ̀wọ́ kan jiyàn lórí ìkọ́ ilẹ̀kùn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹnìkan fi ṣọ́ọ̀kì gbẹ̀san. Nígbà tí ó dé ìdí tábìlì, kò rí ìdí kankan sọ, ojú sì tì í ju bí wọ́n ṣe lè fìyà jẹ ẹ́ lọ. Àwọn kan bẹ̀rù pé ọ̀wọ̀ yóò parẹ́. Kò parẹ́. Títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, Ìyá Bísí ń kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, ó sì ń fàlà sí iṣẹ́ rẹ̀; ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò di ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Àṣìṣe tí à ń rí nílé oníbàárà tẹ́lẹ̀ di èyí tí à ń rí nínú ọgbà, nígbà tí ó ṣì kéré. Ẹni tí ó mọ̀ pé wọn yóò gbọ́ òun, a máa wò dáadáa. Ẹni tí ó mọ̀ pé wọn kò ní í gbọ́ òun, kí ni yóò wò fún? Ọ̀kan nínú wa tí ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣáṣá kò kó irinṣẹ́ kankan lọ lọ́dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀kì ló kó lọ.

Músílíù padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká mọ́, kò sì lè gun òkè mọ́. Ó jókòó sí ẹnu yàrá olóoru, igi kankan kò sì jáde láìkọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a ra ẹ̀rọ kékeré tí ó ń wọn omi inú igi, ó máa ń kan igi, yóò sọ tirẹ̀, yóò wá wo ohun tí ẹ̀rọ sọ. Bí méjèèjì bá bára mu, yóò mi orí. “Ẹ̀rọ yìí ń kọ́ṣẹ́ dáadáa,” ni yóò wí. A ń ṣeré, a ń jẹun pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún un pé nǹkan báyìí ti parí, mo máa ń rí i tí ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. N kò bínú rí. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé òun yóò máa kàn án.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé fún mi. Àga ni. Músílíù kò lè jókòó dáadáa sórí àga tiwa nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí náà mo ṣe èyí ga, mo ṣe ìtẹ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò nà lé lórí. Igi apá ni mo lò, èyí tí mo ti tò sábẹ́ ìbòji fúnra mi bí a ṣe ń tò ó ní Dọ́pẹmu. N kò fi ẹ̀rọ kàn án. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìkẹyìn mi lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé e wá síwájú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n ti gbé ohun mímu sórí tábìlì láti fi dágbére fún mi.

Músílíù kò jókòó sórí rẹ̀. Ó yí i ká. Ó fi oríkèé ìka kan ẹsẹ̀ àga náà lọ́kọ̀ọ̀kan: kó, kó, kó. Ó dé èyí tí ó wà lẹ́yìn ní apá òsì, ó kàn án, ó dúró, ó tún un kàn. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Ìyá Bísí.

“Ẹ bá mi mú ṣọ́ọ̀kì wá.”

Ẹnìkan ní, “Ha, Bàbá Músílíù, lónìí kẹ̀?”

Ó fa ìlà méjì dábùú ara wọn sí ẹsẹ̀ àga náà, níṣojú gbogbo wọn. “Igi gbẹ,” ó ní fún mi. “Ìsopọ̀ ni kò tíì há tán. Ó ń dún bí ẹni tí ó ní nǹkan lẹ́nu tí kò fẹ́ sọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo kàn án. Mo gbọ́ ọ. Mo mú òòlù onígi láti orí tábìlì, mo yí àga náà dojú bolẹ̀.

Músílíù ń wò mí. “Wọlé, àwọn èèyàn ń dúró dè ọ́. Ṣé kò lè dúró dọ̀la ni?”

“Kò lè dúró,” ni mo wí.

Mo yọ ẹsẹ̀ àga náà, mo gé ahọ́n igi tuntun, mo kì í bọ ihò títí ó fi há pinpin. Ohun mímu wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo yí àga náà dúró, mo tì í sí iwájú rẹ̀, mo ní, “Ó ti dára báyìí.”

Mo dúró kí ó na oríkèé ìka rẹ̀. Kò nà án. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà funfun náà kúrò, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì jókòó.